Sípánà ara sítíárìn Jackie Stewart

Mẹkáníìkì ni mí l'Ákùúrẹ́ níbí. Pijó, Toyota, Nissan, ohun tí mò ń tú tí mò ń tò látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ eré mọ́tò, Formula 1 tí wọ́n ń sá lókè òkun yẹn, ẹ má dá mi dúró. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù mi á ti wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ iṣẹ́ á ti yí mi ká, kí dátà máa lọ, kò kàn mí.

Àmọ́ kì í ṣe eré ìsinsìnyí ni mo fẹ́ sọ lónìí. Èyí tí kì í jẹ́ n sùn ni ti àtijọ́, láti bíi 1960 títí wọ àárín 1970 sí 1979, ìgbà tí ikú ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ìgbín lẹ́yìn òjò. Jackie Stewart wà níbẹ̀, ó sì yè é. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, kì í sì í ṣe torí pé ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹta (1969, 1971, 1973), torí ohun tí ojú ẹ̀ rí àti ohun tó fi ẹnu ẹ̀ sọ ni. Ọmọ Scotland ni, mẹkáníìkì ni kó tó di dírẹ́bà, ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Ìwé kò wọ̀ ọ́ lórí rárá, lẹ́tà ń dàrú mọ́ ọn lójú, ó ti lé lógójì ọdún kí wọ́n tó wá sọ fún un pé bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń ka lẹ́tà nìyẹn, pé kì í ṣe òmùgọ̀. Èmi tí tíṣà nà títí torí ìwé kíkà, ó yé mi dáadáa.

June 1966, ní Spa, orílẹ̀-èdè Belgium. Ọ̀nà tí wọ́n ti ń sá a nígbà yẹn gùn tó kìlómítà 14, títì tí ará ìlú ń gbà ni, igi, òpó wáyà, ilé àwọn àgbẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà létí títì gbalaja láìsí ohun tó dáàbò bò wọ́n. Róòńdì àkọ́kọ́ ni òjò ká wọn mọ́. Mọ́tò Stewart fò kúrò lójú títì lórí eré tó lé ní 250 kìlómítà láàárín wákàtí kan, ó lọ gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oko kan, sítíárìn há a mọ́lẹ̀, kò lè jáde, epo bẹntiróò sì ń ṣàn sí i lára, ó ń kún ibi tó jókòó sí. Kí iná kékeré kan ṣáà ta síbẹ̀ báyìí, ó parí nìyẹn. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan nítòsí tó mú irinṣẹ́ dání. Graham Hill àti Bob Bondurant, dírẹ́bà méjì táwọn náà ti yọ̀ kúrò lójú títì nínú òjò kan náà, ni wọ́n sáré wá. Sítíárìn ò ṣeé yọ láìsí sípánà, wọ́n wá lọ yá sípánà lọ́wọ́ ẹnì kan tó wá wòran. Ẹ gbọ́ o, ẹni tó wá wòran! Nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ló fi wà nínú epo yẹn. Wọ́n wá rí áńbúláǹsì gbé e tán, áńbúláǹsì tún sọnù lójú ọ̀nà Liège.

Látìgbà yẹn lọ, ó máa ń fi téèpù lẹ sípánà mọ́ sítíárìn kó tó jáde lọ sáré.

Mo mọ bí ìṣẹ́jú 25 ṣe ń gùn tó. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń wa Pijó 504 láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, èrò lọ, èrò bọ̀. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, títì ń yọ̀, bí wọ́n ṣe kọjá Ọ̀wẹnà díẹ̀ ni táyà iwájú bẹ́, mọ́tò lọ kọlu igi létí oko kòkó kan. Àwọn èrò jáde, ara wọn bó lásán ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ò lè jáde, sítíárìn àti dáṣíbọ́ọ̀dù ti tẹ̀ mọ́ wọn nítan. Èèyàn pé jọ o. Àwọn kan ń pe Jésù, àwọn kan ń pe Ògún, àwọn kan ń bu omi sí wọn lórí, epo ń kán sílẹ̀ tó tó tó, kò sì sí ẹnì kan tó ní irin lọ́wọ́. Ọlọ́kadà kan ló gbéra wá pè wá ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi àti ọ̀gá mi kó sípánà, jáàkì àti irin gígùn kan sínú mọ́tò, a sáré bí ẹni tí orí ẹ̀ dà rú, ìgbà tá a fi máa débẹ̀ ó ti lé ní wákàtí kan, ẹ̀gbọ́n mi ò sì pariwo mọ́, wọ́n kàn ń wò mí ni. Ojú yẹn, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹnì kan ń kó lọ sọ́jà la tẹ́ wọn sí gbé wọn dé ọsibítù. Wọ́n yè. Ẹsẹ̀ òsì ò padà gún mọ́, wọn ò sì wa mọ́tò mọ́, èmi àti wọn la jọ ń ta sípéà páàtì báyìí.

Wọn ò so bẹ́líìtì lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé bẹ́líìtì ló máa há èèyàn mọ́ inú iná. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ fún ọdún púpọ̀, títí mo fi gbọ́ nípa Jochen Rindt, dírẹ́bà Formula 1 kan nígbà yẹn. Òun náà ń bẹ̀rù iná, ẹ̀rù náà tọ́, torí ó ti rí i tí iná jó àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, nítorí náà kì í so okùn bẹ́líìtì tó gba àárín itan kó lè tètè fò jáde. Ní Monza, September 1970, búréèkì mọ́tò ẹ̀ já, ó forí sọ irin ẹ̀gbẹ́ títì, ara ẹ̀ yọ̀ lọ sísàlẹ̀ nínú bẹ́líìtì, ìyẹn ló pa á. Máàkì tó ti ní sílẹ̀ pọ̀ débi pé ẹnì kankan ò lè bá a títí ọdún fi parí, wọ́n fún òkú ní ife-ẹ̀yẹ. Títí dòní òun nìkan ni irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ní Formula 1.

Èyí tó burú jù lójú mi ni ti Roger Williamson, ní Zandvoort, orílẹ̀-èdè Netherlands, July 1973. Mọ́tò ẹ̀ dojú dé, ó gbiná, ó sì wà láàyè nínú ẹ̀. David Purley pa eré tiẹ̀ tì, ó sáré la títì kọjá, ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ nìkan ti mọ́tò tó ń jó, kó lè yí i padà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó dúró níbẹ̀ ò ní aṣọ tí iná ò lè jó, wọn ò lè sún mọ́ ọn. Àwọn dírẹ́bà tó kù ń kọjá lọ, wọ́n rò pé Purley ló ni mọ́tò yẹn, pé ó ti jáde. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan lórí fóònù. Mi ò tún ní wò ó mọ́ láyé mi. Ọ̀wẹnà ni mo rí.

Nígbà tí Stewart wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí wọ́n ṣe irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí wọ́n gé igi, kí dókítà gidi wà níbẹ̀, kí gbogbo èèyàn so bẹ́líìtì, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n pè é? Ojo. Wọ́n ní ó fẹ́ ba eré jẹ́. Ó dára. Lọ́dún 1968 kan náà tí Jim Clark, ọ̀rẹ́ ẹ̀, ọmọ Scotland bíi tiẹ̀, lọ kú sínú igi ní Hockenheim lóṣù April, Stewart lọ sáré ní Nürburgring, kìlómítà tó lé ní 22 nínú igbó Jámánì, òjò ń rọ̀, kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ tó ti ṣẹ́ wà nínú ike, ó sì fi ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 4 ṣíwájú ẹni tó ṣe ìkejì. Mi ò mọ irú ojo tó ń fi ìṣẹ́jú 4 na gbogbo ayé.

Ó ti pinnu pé lẹ́yìn eré tó máa kẹ́yìn ní 1973, ní Watkins Glen l'Ámẹ́ríkà, òun máa fẹ̀yìn tì. Èyí tó máa jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹ̀ gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, François Cevert, ọmọkùnrin tó ń kọ́ bí àbúrò, tó yẹ kó jogún ipò ẹ̀, kú níbẹ̀. Stewart ò sáré ọgọ́rùn-ún yẹn. 99 ló fi dúró, ó borí nínú 27.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi ti Grosjean, dírẹ́bà Formula 1 kan, hàn wọ́n, ní Bahrain, 2020, bí mọ́tò ṣe gé sí méjì tí iná bò ó, tí ọkùnrin yẹn fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn jáde kó tó pé ìṣẹ́jú kan, tí dókítà ti dúró dè é létí iná. Wọ́n wò ó, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo wá sọ gbogbo ìtàn Spa fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, epo, òjò, sípánà. Wọ́n ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ òsì yẹn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí òtútù bá mú.

Wọ́n ní, "Àbúrò, ẹni tó ni sípánà yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n rántí dá a padà fún un ṣá?"