Omi ni ọ̀tá tòlótòló díndín: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí agbada

Ẹ̀yin alásè ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin tí a jọ ń gbé agbada kaná lópin ọ̀sẹ̀ níbi wàlímọ̀ àti yìgì ní Ìlọrin níbí, títí dé Ọ̀fà àti Ọmù-Àrán, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tòlótòló díndín ni mo bá wá, inú sì ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ má retí pé kí n máa ka táìmù àti kọ́rì fún yín, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ohun tí a kì í kà sí ni omi tó wà lára ẹran nígbà tó bá ń wọ inú òróró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Iná igi ni wọ́n dá, agbada ńlá méjì, òróró ti gbóná débi tó ti ń rú èéfín. Tòlótòló ṣì wà nínú omi tí wọ́n fi sè é. Àwọn àfáà ti jókòó, àwọn olóde ń ránṣẹ́ ṣáá pé oúnjẹ dà, ariwo sì máa ń kó ìwàǹwára bá ẹni tó wà nídìí iná. Ọmọ tó wà nídìí agbada kejì fi abọ́ bu ẹran tòun tomi, ó sì dà gbogbo rẹ̀ sínú òróró lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, òróró ti ru sókè bíi mílíìkì tó hó, ó ṣàn kọjá ẹnu agbada, ó bọ́ sórí igi tó ń jó, iná sì gbà á. Iná náà ga ju ọmọ náà lọ. Ẹnì kan ti gbé korobá omi, ó ń sáré bọ̀ láti wá dà á sí i. Ìyá àgbà kan ló na ọwọ́ méjèèjì dí i lọ́nà tó ń pariwo pé, "Omi kọ́! Ẹ bò ó! Ẹ bò ó!" Páànù tí wọ́n fẹ́ fi kó ìrẹsì ni wọ́n fi dé e, wọ́n sì fa igi jáde lábẹ́ rẹ̀. Òróró ti ta sí ọmọ náà lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Bí ẹnì kan ṣe ń wá ẹyin láti fọ́ sí i ni ẹlòmíì ń wá ọṣẹ ìfọyín.

Ẹ jọ̀ọ́, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ máa dà sí ojú ibi tí òróró bá jó fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Kì í ṣe omi dídì, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe epo pupa. Ẹ yára bọ́ bàtà àti ohun ọ̀ṣọ́ kúrò kí ibẹ̀ tó wú, ṣùgbọ́n aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ wá gba ilé ìwòsàn lọ. Ọmọ náà dé ilé ìwòsàn, wọ́n tọ́jú ẹ̀, ara ti ń yá.

Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti ń lọ. Àwọn kan ní òróró yẹn ni kò dára. Àwọn kan tilẹ̀ ní ojú ayé ni. Òróró kò ṣe nǹkan kan, omi ni. Ẹ wò ó: omi ń hó ní 100°C, òróró tí a fẹ́ fi din ẹran sì ti wà ní nǹkan bí 175 sí 180°C. Omi wúwo ju òróró lọ, nítorí náà bó bá ti bọ́ sínú ẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Níbẹ̀ ló ti ń di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, omi tó bá sì di ooru máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po 1,700. Ibo ni kó gbà jáde? Òkè náà ni, òróró ni yóò sì gbé dání. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í da omi sí òróró tó ń jóná. Ìdérí tàbí páànù pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi bò ó, ẹ pa iná abẹ́ rẹ̀, ẹ má sì ṣí i títí yóò fi tutù. Tí ìdérí kò bá sí nítòsí agbada yín, ẹ má tíì tan iná.

Kódà tí omi ò bá dá wàhálà tó tóyẹn sílẹ̀, òun náà ló ń ba ẹran jẹ́. Awọ tó tutù kì í pọ́n bọ̀rọ̀, nítorí omi ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ tán kó tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, inú ẹran ti le. Omi yẹn náà ló ń mú ooru òróró wálẹ̀, òróró tí kò gbóná tó ni ẹran sì ń mu. Ẹ ó rí i tí oníbàárà bá fi tíṣù nu ọwọ́, tíṣù á rin gbingbin. Ẹni tó bá ní mo ń ṣe àṣejù lórí ọ̀rọ̀ omi, kó lọ din abọ́ kan tó gbẹ àti abọ́ kan tó tutù, kó gbé wọn síwájú oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ omi tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti ra ẹran. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòlótòló dídì tí a ń rà ní kílò kílò, ààlà ni wọ́n gbé e gbà wọlé, ìjọba sì ti fòfin de kíkó ẹran adìẹ àti tòlótòló dídì wọ orílẹ̀-èdè yìí tipẹ́. Ẹran tó bá rin ìrìn àjò báyẹn lè ti yọ́, kí wọ́n tún mú un dì, bóyá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí ẹ bá rí yìnyín pupa tó dì mọ́ ìsàlẹ̀ páálí, omi ara ẹran tó yọ́ tó tún dì nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tàbí tí oríkèé rẹ̀ ti ní àwọ̀ ewé. Ata àti máàgì kò lè tún un ṣe. Ààyè tòlótòló tí wọ́n pa níṣojú yín pẹ̀lú bisimilahi wọ́n ju ìyẹn lọ, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ ọjọ́ tó kú, ọkàn yín sì balẹ̀ pé halaali ni.

Bí a ṣe ń yọ́ ẹran dídì: inú fíríìjì ló dára jù, nǹkan bí wákàtí 24 fún kílò méjì. Tí kò bá sí àyè, tàbí tí iná ọba bá ti ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ẹ di ẹran mọ́ inú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, ẹ rì í sínú omi tútù, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kílò kan á gbà tó wákàtí kan. Ẹ má gbé e sórí tábìlì títí ilẹ̀ ó fi mọ́. Ìta ẹran á ti máa bàjẹ́ kí inú rẹ̀ tó yọ́. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn láti fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Tí ẹ bá máa fọ̀ ọ́, inú abọ́ ni, kì í ṣe lábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń ta káàkiri, nítorí àwọn kòkòrò àìrí tó ń fa inú rírun wà lára ẹran adìẹ àti tòlótòló tútù, omi sì ń gbé wọn lọ sórí àwo àti ata. Ẹ tún rí omi níbẹ̀.

Ẹ gé e kó dọ́gba. Apá, ẹ gé e ní oríkèé sí mẹ́ta. Itan nípọn, nítorí náà ẹ là á sí méjì tàbí mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ apá á ti jóná kí itan tó jinná.

Fún kílò kan, mo máa ń lo ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, máàgì méjì, ṣíbí tíì táìmù kan, ìdajì ṣíbí tíì kọ́rì, àlùbọ́sà ńlá kan, aáyù mẹ́ta àti ata ilẹ̀ tó tó àtàǹpàkò, tí a gún pọ̀, pẹ̀lú ata rodo bí ẹnu yín bá ṣe gbà á. Ẹ fi ọwọ́ pa á mọ́ra, ẹ gbé e kaná pẹ̀lú ife omi kan péré, kí ẹ sì dé e. Ẹran náà máa tú omi tirẹ̀ jáde. Ẹni tó bá bu omi rì í mọ́lẹ̀, ọbẹ̀ ló ń sè, kì í ṣe ẹran díndín. Lórí iná tí kò le, tòlótòló dídì á gbà tó 20 sí 25 ìṣẹ́jú. Àgbà akọ tòlótòló ilé wa lè gba wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ya ẹ̀gbẹ́ eegun wò: tí omi tó jáde bá ṣì pupa, kò tíì jinná. Ẹni tó bá ní ohun èlò tí a fi ń wọn ooru, 74°C ni kó rí ní ibi tó nípọn jù. Ẹ má rò pé òróró ni yóò parí sísè náà. Òróró á ti sọ ìta di dúdú, ẹ̀jẹ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun.

Ó wá kan ibi tí mo ń lọ. Ẹ kó ẹran náà jáde gbàrà tó bá ti jinná, ẹ má fi í sílẹ̀ sínú omi rẹ̀. Ẹ tò ó sórí asẹ́ tàbí ajere, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má gun ara wọn, kí ẹ sì fi páànù sábẹ́ kó gba omi tó ń ro. Ẹ gbọn àlùbọ́sà àti táìmù tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, torí àwọn ló ń jó di ohun dúdú dúdú nínú òróró, tí wọ́n sì ń mú kó korò. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tàbí tíṣù ìdáná nù ún, ẹ yí i padà, ẹ nu ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Lábẹ́ apá, níbi tó ti ká, omi máa ń fara pamọ́ síbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá fi àwọ̀n bò ó kí eṣinṣin má bà lé e, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n sí márùndínláàádọ́ta ìṣẹ́jú níbi tí atẹ́gùn wà. Kó má kọjá wákàtí kan ní àsìkò ooru wa yìí. Ẹni tó ní fíríìjì tó ṣeé gbọ́kàn lé lè tò ó síbẹ̀ láìdé títí di ọjọ́ kejì, ìyẹn gan-an ló ń gbẹ dáadáa. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án tí awọ rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, tí kò sì rin, ó ti ṣe tán. Ẹ jẹ́ kí àwọn àfáà dúró díẹ̀ sí i. Wọn ò ní bínú kú.

Òróró kò gbọdọ̀ kọjá ìdajì agbada. Ẹ ju ègé àlùbọ́sà kan sí i: tó bá hó yí i ká lójú ẹsẹ̀, tó sì ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ó tó. Tó bá dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti gbóná jù, ẹ fa igi díẹ̀ jáde. Ẹ máa rọra ki ẹran bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, kó kọjú sí òdìkejì yín kó tó rì, ègé mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ní agbada tí kò tóbi jù. Níwọ̀n ìgbà tó ti jinná tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́jọ tó, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan. Bí ariwo òróró bá ti ń rọlẹ̀, omi tó kù lára rẹ̀ ti ń tán lọ, ẹ kó o jáde. Ẹ tún tò ó sórí asẹ́. Ẹ má kó o gbígbóná sínú kúlà kí ẹ dé e pa, torí ooru rẹ̀ á di omi lábẹ́ ìdérí, á sì kán sórí ẹran tí ẹ ti ṣe wàhálà gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ìdérí là díẹ̀. Tí kò bá ní jẹ́ jíjẹ láàárín wákàtí méjì, kó wọ fíríìjì.

Ní ti àǹfààní rẹ̀ lára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Gíráàmù 100 ẹran tòlótòló tó ti jinná, láìsí awọ, ní nǹkan bí gíráàmù 29 purotéènì. Ó ní fítámì B12 àti síǹkì, ẹran itan sì ní èròjà irin ju ti àyà lọ. Ara awọ ni ọ̀rá pọ̀ sí jù, nítorí náà ẹni tí dókítà bá ti kìlọ̀ fún nípa ọ̀rá, kó bó awọ fún ọmọ. Iyọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún gan-an: àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú máàgì. Omi ẹran náà ti kó iyọ̀, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi iyọ̀ mìíràn sí ọbẹ̀ ata tí ẹ fẹ́ fi sè. Ọ̀rá tó bá léfòó lókè rẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Òróró tó bá tutù, ẹ sẹ́ ẹ, ó ṣeé lò lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí i. Tó bá ti ń hó bí ọṣẹ, tó ti ṣú, tàbí tó ń rú èéfín kó tó gbóná dáadáa, ẹ dà á nù. Tí ẹ bá sì fẹ́ din wàrà nínú òróró kan náà, bí a ṣe máa ń ṣe, wàrà ni kó kọ́kọ́ wọlé, torí òróró tó ti gbọ́ òórùn tòlótòló kì í jẹ́ kí wàrà dùn. Wàrà náà, ẹ fún omi rẹ̀ kúrò dáadáa.