Ẹ má tíì ju ọrùn adìyẹ yẹn nù

Ọ̀kún o. Bí ẹ bá pa adìyẹ oṣù méjì ní Kàbà, ẹ rọra la awọ ọrùn rẹ̀. Ẹ ó rí àwọn kókó pẹlẹbẹ kan tó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ńlá, bíi méje lápá ọ̀tún, méje lápá òsì. Ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é. Kì í ṣe ọ̀rá o, táímọ́ọ̀sì ni, ilé ẹ̀kọ́ sẹ́ẹ̀lì T, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà. Lára àgbà àkùkọ, ó ti sún kì. Tiwa wà lẹ́yìn egungun àyà. 1961 ni Jacques Miller fi ọmọ eku hàn pé ẹran tí a bá yọ ọ́ lára rẹ̀ kò lè bá àrùn jà dáadáa.

Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á fi irinṣẹ́ tó ń jẹ́ RAG gé jíìnì ara rẹ̀, á tún un so bó bá ṣe bọ́ sí i, kí ó lè ní ojú tirẹ̀ tí yóò fi máa dá nǹkan mọ̀. Èyí tí kò dá ara ilé, ìyẹn ara tó ni ín, mọ̀ rárá á kú. Èyí tó bá sì gbóná mọ́ ara ilé jù, òun náà á kú. Nínú 100, àwọn tó ń jáde kì í tó 5. Ẹ̀yà tó ń jẹ́ CD8 inú wọn ń pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀, CD4 ń pàṣẹ fún àwọn yòókù. Ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì T mìíràn tó ń jẹ́ gáḿmà-délítà sì pọ̀ lára adìyẹ àti ọmọ màlúù ju tiwa lọ.

Ekurá inú òkun ní gbogbo èyí. Láḿpírè, ẹja tí kò ní eegun àgbọ̀n, kò ní RAG rárá, síbẹ̀ ó ní ẹ̀yà tó ń ṣe bíi sẹ́ẹ̀lì T àti èyí tó ń ṣe bíi sẹ́ẹ̀lì B, ìyẹn àwọn tó ń rọ ohun ìjà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ni pé pípín iṣẹ́ ti wà kí irinṣẹ́ RAG tó dé, èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Ẹja kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbẹ ní Norway, tí a ń rà bí igi lọ́jà, ti pàdánù CD4 pátápátá (2011 ni wọ́n ka jíìnì rẹ̀ tán), ó sì ń gbé ayé rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń sin adìyẹ, CD4 yìí ni fáírọ́ọ̀sì Marek, tó ń fa àrùn adìyẹ, ń sọ di jẹjẹrẹ. Àmì rẹ̀ ni ẹsẹ̀ kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Ọjọ́ kìíní tí wọ́n bá pa ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, 0.2 ml lábẹ́ awọ ọrùn, kí ó má ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn pípò. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó mú. Bí eruku ìyẹ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀ bá ṣì wà nínú ilé adìyẹ, fáírọ́ọ̀sì á ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.