Ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú Ìjàpá tó ti dàgbà

Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá díẹ̀. Plumstead, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn ìbejì ti sùn. Tẹlifíṣọ̀n ló ń wo Màmá báyìí, kì í ṣe àwọn ló ń wò ó. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí kì í ṣe tiwa ṣì wà lórí tábìlì, àárọ̀ ọ̀la ni màá dá a padà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n yá wa kí a fi mọ̀ bóyá yóò bá wa lára mu: Volkswagen ID.7 Tourer, stéṣọ̀n wágọ̀n oníná tí wọ́n ń ṣe ní Emden, ní Jámánì. Kí n tètè kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ kí oorun tó gbé e lọ.

Nígbà tí mo gbé e dé lọ́jọ́ Ẹtì, Màmá ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n wo àmì iwájú rẹ̀ títí. "Àkànní, ṣé kì í ṣe àwọn tó ń ṣe Ìjàpá nìyí?" Mo ní àwọn ni, mà, àwọn tó ṣe Volkswagen Beetle tí à ń pè ní Ìjàpá. Wọ́n rìn yí i ká, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó yí i tán, nítorí mítà 4.96 ni gígùn rẹ̀. "Ìjàpá wá dàgbà báyìí!" Wọ́n ní Bàbá ní ọ̀kan ní Ìbàdàn láyé ọjọ́un, pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń wà. Mo ní ẹ̀yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń yí táyà eléyìí wà. Wọ́n ní, "Mo mọ̀." Irọ́ ni.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ò yéé bi mí pé kí ló dé tí n kò ra jíìpù. Ẹ̀yin, ẹ gbé kúlà ìrẹsì sókè sínú búùtù jíìpù lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò rí ìdáhùn. Wágọ̀n rẹlẹ̀, kúlà kàn máa ń wọlé bíi pé ó mọ ọ̀nà ni. Fún mọ́tò oníná, ìdí mìíràn tún wà: ohun tó bá ga, afẹ́fẹ́ ń bá a jà lójú pópó, bátìrì ló sì ń san owó ìjà náà.

Àná ni ìdánwò gan-an. Àbúrò mi ń kọ́mọ jáde ní Leeds, bí 210 máìlì sí ibí. Kúlà ìrẹsì méjì, kúlà mọ́ínmọ́ín kan, kẹ̀kẹ́ ìbejì tí kì í ká dáadáa, báàgì mẹ́rin, aṣọ ẹbí nínú ọ̀rá ńlá. Lítà 605 ni ìwé wọn pe búùtù náà, ó sì gba gbogbo rẹ̀, ìlẹ̀kùn sì dé. Bí a bá dojú àga ẹ̀yìn délẹ̀, yóò di 1,714, ṣùgbọ́n níbo ni àwọn ọmọ yóò wá jókòó sí? Màmá dúró sẹ́yìn wa tí wọ́n ń pàṣẹ bí a ó ṣe tò ó. Wọ́n ní bí àwọn awakọ̀ ṣe máa ń di ẹrù sẹ́yìn Pijó 504 nìyẹn, Pijó wágọ̀n tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975, tó fi ìlà àga mẹ́ta kó èrò láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. "Pijó ò lẹ́gbẹ́," ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Ìwé ní bátìrì bá kún, mọ́tò náà yóò rin ju 350 máìlì lọ. Ìwé ò mọ otútù, kò sì mọ ìyá mi. Nínú mọ́tò dísẹ̀lì, ooru tí ẹ́ńjìnnì ń dà nù ni wọ́n fi ń mú inú ọkọ̀ gbóná, ọ̀fẹ́ ni. Nínú oníná, bátìrì tó ń yí táyà náà ló ń fún hítà lóúnjẹ, bẹ́ẹ̀ bátìrì fúnra rẹ̀ kì í yára nínú otútù. Mo rọra ní kí a dín hítà kù. Màmá wò mí. Mo fi í sílẹ̀ ní 26. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, yúnìtì iná kan ń gbé wa rin máìlì mẹ́ta àti díẹ̀. Bátìrì sì jẹ́ yúnìtì 77. Ẹ fi 240 máìlì sọ́kàn nígbà òtútù, kì í ṣe 350.

Ìrìn rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ìbejì sùn kí a tó dé M1, òpópónà ńlá tó lọ sí Leeds, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀ nínú mọ́tò wa. Ohun tí n kò gba tirẹ̀ ni pé ojú gíláàsì tí à ń fọwọ́ tẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo nǹkan sí, títí kan ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Bọ́tìnnì ni èmi fẹ́.

A yà ní ibùdó ìsinmi kan lẹ́bàá M1 nítorí ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ àti nítorí ojora tèmi. Ṣájà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, méjì ti kú. A tò. Nígbà tó kàn wá, yúnìtì 30 wọlé kí Màmá tó mu tíì wọn tán. Mo wo iye tó kọ sílẹ̀: 79p fún yúnìtì kọ̀ọ̀kan, £23.70. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lálẹ́ àná, àbúrò mi fa wáyà láti ara ògiri ilé rẹ̀, ó fi í sínú mọ́tò náà, ó lọ sùn. Owó òru ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, 7p. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, yúnìtì 41 ti wọlé. £2.87. Mo ka iye náà lẹ́ẹ̀mejì. Òun àti èyí tó ṣẹ́ kù nínú bátìrì tẹ́lẹ̀ la fi dé Plumstead lónìí láìyà síbì kan fún iná, bátìrì sì ṣẹ́ ku 14%.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Láti ibí dé Leeds, wágọ̀n àtijọ́ wa ń mu dísẹ̀lì bí £30. Oníná tó bá ń jẹ iná ilé lóru kò ní ná tó £5. Bó bá jẹ́ iná ìta ló ń jẹ, ó lé ní £50. Mọ́tò kan náà, ọ̀nà kan náà. Ìjọba tún ń gba VAT 5% lórí iná ilé àti 20% lórí ti ìta, ìyẹn ni pé ẹni tí kò ní ààyè mọ́tò ló ń san owó olówó. Èmi ni ẹni yẹn. Ẹ̀gbẹ́ títì ni mọ́tò wa ń sùn, nígbà mìíràn ilé kẹfà sí tiwa. Ta ni yóò fa wáyà gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kọjá kí arúgbó wá fi kọsẹ̀?

Ti owó orí mọ́tò kò ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Oníná ti ń san án láti April 2025, wọ́n sì ti kéde 3p lórí máìlì kọ̀ọ̀kan láti April 2028. Lórí 10,000 máìlì tí à ń rìn lọ́dún, £300 ni. Ó dùn mí, àmọ́ kò dùn mí tó 79p.

Mo sọ gbogbo èyí fún Ìyá Ìbejì lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Kò dáhùn. Ó mú téèpù ìránṣọ rẹ̀, ó tan iná fóònù, ó jáde. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó tó ń wọn ọgbà kékeré iwájú ilé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tẹ́ téèpù sílẹ̀, ó tún fi díẹ̀ lé e. Ó wọlé. "Bàbá Ìbejì, bí káńsù bá gbà kí a gé etí títì kí mọ́tò lè wọ iwájú ilé, mítà 4.70 la ní."

Ìdí Ìjàpá yóò yọ sójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, káńsù ò ní gbà. Mo ṣí fóònù, mo wá àwọn wágọ̀n oníná tó kúrú jù ú lọ. Peugeot e-308 SW: mítà 4.64, búùtù lítà 548. Bátìrì rẹ̀ kéré sí ti èyí, a ó máa yà lọ́nà Leeds dandan. Àmọ́ yóò wọlé, pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà.

Mi ò mọ̀ pé Màmá ń gbọ́ wa. "Kí lẹ pè é?"

"Peugeot, mà. Pijó."

"Ṣebí ohun tí mo ti ń wí láti àná nìyẹn," ni wọ́n sọ, wọ́n sì yí ojú padà sí tẹlifíṣọ̀n.