Ẹ Wo Igi Dáadáa Kẹ́ Ẹ Tó Fọwọ́ Kàn Án: Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Nídìí Họ́lì àti Àwọn Igi tí Kì í Wọ́wé

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ọ̀gbìn àyíká ilé, ìbéèrè tí àwọn onílé máa bi yín jù nípa igi họ́lì ni pé, "Kí ló dé tí tèmi ò so?" Igi náà á dúró dáadáa, ewé rẹ̀ á máa dán, àmọ́ èso pupa tí wọ́n tìtorí ẹ̀ rà á kò ní yọ rárá. Wọ́n á ti da ajílẹ̀ sí i, wọ́n á ti bomi rin ín títí. Ẹ má tíì bá wọn wá oògùn kankan. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá akọ ni wọ́n gbìn tàbí abo.

Bíi ti ìbẹ́pẹ ni ti họ́lì: akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀, abo nìkan ló sì ń so. Tí kò bá sí akọ nítòsí tí oyin lè ti gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó wá, lásán ni ọ̀pọ̀ abo á tanná. Akọ kan tó ọ̀pọ̀ abo, kò sì pọn dandan kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gan-an. Kó ṣáà wà níbi tí oyin tó bà lé èyí á ti lè tètè dé ọ̀hún.

Ìgbà tó bá tanná ni kẹ́ ẹ lọ wò ó. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó funfun, ẹni tó bá dúró lókèèrè kò ní rí i. Ẹ rọra fa ẹ̀ka kan mọ́ra, nítorí ẹ̀gún etí ewé, kẹ́ ẹ wo àárín òdòdó kan. Tó bá jẹ́ abo, ẹ máa rí nǹkan róbótó aláwọ̀ ewé láàárín rẹ̀. Òun ló máa di èso. Tó bá jẹ́ akọ, kò sí nǹkan róbótó yẹn, okùn tín-ín-rín mẹ́rin ló yọrí jáde, tí lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè wà lórí wọn. Abo náà máa ń ní irú okùn bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí lẹ́búlẹ́bú lórí tirẹ̀. Nítorí náà, àárín ni kẹ́ ẹ fi ṣe ẹ̀rí.

Ẹ má gbára lé orúkọ tí wọ́n kọ sára ìkòkò. 'Golden King' tí wọ́n pè ní ọba, abo ni, ó ń so. 'Silver Queen' tí wọ́n pè ní ayaba, akọ ni, kò ní so láé. Àwọn kan wà tí orúkọ wọn bá ohun tí wọ́n jẹ́ mu. Ní àwọn ọdún 1950, obìnrin kan tó ń jẹ́ Kathleen Meserve, ní Long Island ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í da họ́lì ilẹ̀ Yúróòpù pọ̀ mọ́ oríṣi kan tó lè fara da òtútù gan-an. Inú iṣẹ́ rẹ̀ la ti rí 'Blue Prince' tó jẹ́ akọ àti 'Blue Princess' tó jẹ́ abo, méjèèjì sì bára wọn mu dáadáa.

Bíbára mu yẹn ṣe pàtàkì, torí kì í ṣe akọ èyíkéyìí ló lè ṣiṣẹ́. Ilex ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe họ́lì, oríṣi rẹ̀ sì pọ̀. Ilex cornuta máa ń tanná ṣáájú Ilex opaca. Ìgbà tí opaca bá fi máa yọ òdòdó, ti cornuta á ti rẹ̀ dànù. Ẹ jẹ́ kí akọ àti abo jẹ́ oríṣi kan náà, tàbí kí wọ́n jẹ́ èyí tó ń tanná lásìkò kan náà tó sì lè gba tara wọn. Tí àyè onílé kò bá gba igi méjì, ẹ wá họ́lì tó ń jẹ́ 'Burfordii' fún un. Òun lè so láìsí akọ.

Ọ̀rọ̀ òtútù tún wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé igi tí kì í wọ́wé le ju àwọn yòókù lọ. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Igi tó ti gbọn ewé rẹ̀ dànù ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà; eléyìí ṣì gbé tirẹ̀ dání, oòrùn àti atẹ́gùn sì ń fa omi jáde lára ewé náà. Tí òtútù bá wá mú kí ilẹ̀ dì gbagidi, gbòǹgbò kò ní rí omi fà. Ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti etí, pàápàá níhà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ìgbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni èyí sábà máa ń hàn, àwọn onílé á sì ní àrùn ni. Omi tẹ́ ẹ bá fún un dáadáa kí ilẹ̀ tó dì ló máa gbà á. Tí ẹ̀ka bá sì ti gbẹ lójú, ẹ má kánjú gé e. Ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀: tí abẹ́ rẹ̀ bá ṣì tutù, ó wà láàyè, ẹ dúró dè é kó rúwé.

Ewé wọn máa ń já o, kì í kàn ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé àtijọ́ họ́lì máa ń já nígbà tí tuntun bá ń yọ lẹ́yìn òtútù. Ti páìnì máa ń já nígbà tí òtútù bá ń bọ̀. Tó bá jẹ́ inú lọ́hùn-ún, níbi ewé àgbà, ni ìyeyè ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀mùnú ló ń di ìyeyè, tí iṣan ewé ṣì tutù, ẹ yẹ ilẹ̀ wò. Họ́lì fẹ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀, tí omi kì í dúró sí, tí pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe kan tó, wà ní nǹkan bíi 5 sí 6.5. Sìmẹ́ǹtì ìpìlẹ̀ ilé lè ba èyí jẹ́ fún igi tó bá sún mọ́ ọn.

Nígbà gbígbìn, ẹ wá ibi tí ìdí igi ti fẹ̀ wọnú gbòǹgbò. Ó sábà máa ń bò mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò, ẹ fọwọ́ gbọ́n erùpẹ̀ kúrò títí ẹ ó fi rí i, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó hàn lókè ilẹ̀. Kí ihò fẹ̀ dáadáa, àmọ́ kó má jìn ju ohun tó wà nínú ìkòkò lọ. Ẹ sì ronú nípa bó ṣe máa tóbi tó. Ilex opaca lè ga tó mítà 15. Kí ló ń wá lábẹ́ fèrèsé? Ilex glabra tàbí Ilex crenata kékeré ló yẹ ibẹ̀. Kò dùn mọ́ mi nínú kí igi máa sá fún àlùmọ́gàjí lọ́dọọdún torí pé a gbìn ín síbi tí kò gbà á.

Ní ti gígé, ẹ ya ẹ̀ka sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ wo ibi tí ewé tútù parí sí. Tẹ́ ẹ bá gé họ́lì tàbí yew, igi mìíràn tí kì í wọ́wé, kọjá ibẹ̀, wọ́n ṣì máa yọ ọ̀mùnú. Páìnì, juniper àti arborvitae, tí àwọn náà kì í wọ́wé, kò ní yọ ọ́. Ojú ibẹ̀ á ṣófo títí ayé. Fún páìnì, ẹ fọwọ́ ṣẹ́ ìdajì ọ̀mùnú tuntun nígbà tí ewé rẹ̀ kò tíì là. Tẹ́ ẹ bá fi igi sọgbà, kí ìsàlẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ, kí oòrùn lè kàn án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì ń gbin nǹkan sílé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ tàbí ilé tí ajá wà: ẹyẹ ló ń jẹ èso họ́lì, àmọ́ èso náà máa ń da inú èèyàn àti ajá rú. Ti yew burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewé àti kóró rẹ̀ lè pa èèyàn. Ẹ sọ fún onílé kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ihò.