Láti Àkúrẹ́ lọ gbọ́ ìró Kírìjì

Sátidé tó kọjá, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti kúrò ní Àkúrẹ́, a gba Ìgbàrà-Òkè yà sí ọ̀nà Ìgbàrà-Odò, kùrukùru ṣì bo gbogbo igi, bá a ṣe ń pọ́nkè bẹ́ẹ̀ la ń sọ̀, oko kòkó lọ́tùn-ún, òkúta ràbàtà lósì. A ò pẹ́ ní Ìkógòsì, a kàn ti ẹsẹ̀ bọ ibi tí omi gbóná àti omi tútù ti pàdé, a sì wọ mọ́tò padà, torí Òkèmẹ̀sí àti Ìmẹ̀sí-Ilé là ń lọ, ibi tí wọ́n ti ja ogun Kírìjì.

Láti prámárì ni mo ti ń gbọ́ pé ìró ìbọn ló bí orúkọ yẹn, àmọ́ kò yé mi rí. Bá a ṣe dúró lẹ́bàá títì l'Ókèmẹ̀sí tá à ń jẹ bọ̀ọ̀lì, típà kan da òkúta sílẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀hún. Gbàà! Òkè iwájú gbà á, ó jù ú fún tẹ̀yìn, ìró yẹn ń yí kiri kiri kó tó kú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wojú ara wa. Òkúta típà kan ṣoṣo nìyẹn o!

Ìyà àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi sáwọn ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀, ló sú àwọn èèyàn, Fábùnmi ọmọ Òkèmẹ̀sí wá pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀ ní 1878, bí Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn mí-ìn ṣe para pọ̀ di Èkìtìparapọ̀ láti kọjú ìjà sí Ìbàdàn nìyẹn, Ògèdèǹgbé sì di ọ̀gá ogun wọn. Àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń ki ọta bọ̀ látẹ̀yìn, ṣakabùlà ò lè bá a figagbága. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, ò délé mọ́, àgọ́ ogun ló kú sí ní 1885.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni pé Oǹdó tiwa níbí ni ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ ti ń ṣiṣẹ́, Àlùfáà Charles Phillips. Òun lọ bá Èkìtìparapọ̀, Samuel Johnson lọ bá Ìbàdàn, kò sí títì, kò sí mọ́tò, nínú àwọn òkè tí mọ́tò wa ń mí hẹlẹ yìí. 23 September 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, síbẹ̀ ó di 1893 kí àgọ́ ogun tó tú pátá.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, màmá kan tó ń sá ẹ̀gẹ́ kí wa, "Ẹ kú ìrìn o, ṣé ibi ogun lẹ fẹ́ rí?" Ó fi ọ̀bẹ ọwọ́ ẹ̀ júwe òkè, ó ní ká rọra, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀.

Táwọn ọmọ mi bá ti gba họ́lidé, ibẹ̀ là ń lọ, màá ní kí wọ́n dákẹ́ kí wọ́n gbọ́ òkè.