Okùn Aṣọ Pálọ̀ Wa àti Èémí Màámi

Láti ìgbà tí òjò ti dé sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún yìí ni Màámi ti ń ráhùn pé afẹ́fẹ́ yàrá àwọn wúwo, àti pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, èémí kì í já gaara fún àwọn mọ́. N kò kà á sí títí mo fi ṣí ike gaàrí, tí mo rí i pé gaàrí Ìjẹ̀bú tí a mọ̀ mọ́ gbígbẹ ti rọ̀, tí iyọ̀ sì ti dì gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, mo gbé e sí yàrá wọn, ó sì kọ ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ó jẹ́ pé láàárín nǹkan bí 40 sí 60 ni ara ti máa ń tuni jù nínú ilé.

Ní tòótọ́, afẹ́fẹ́ tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ ju èyí tí ó gbẹ lọ, bí ooru wọn bá dọ́gba (Màámi kò gbà, n kò sì bá wọn jiyàn). Ohun tí ń ni wọ́n lára ni pé òógùn kì í tètè gbẹ nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, ooru ara kò sì ríbi gbà jáde dáadáa. Ó tún lè mú kí ọ̀nà èémí ẹni tí ó ní ikọ́ fée fún pọ̀. Ògiri ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù wọn náà ti bu, àwọn kòkòrò tíntín tí ojú kò rí sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀dì inú ilé olómi. Ìgbẹ́ wọn ni imú ẹlòmíràn kò gbà.

Àwa fúnra wa ni a ń fi omi kún un. Nítorí òjò, a ta okùn aṣọ sí pálọ̀, a sì ti wíńdò pa nítorí ẹ̀fọn. Omi tí ó gbẹ kúrò lára aṣọ wọ̀nyẹn, inú afẹ́fẹ́ tí Màámi ń mí ni ó ń lọ. Mo kó aṣọ lọ sí fàráńdà, mo fi nẹ́ẹ̀tì sí wíńdò méjì tí ó kọjú síra, a sì ń ṣí wọn bí òjò bá ti dá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rọ náà ti sọ̀ sí 74.

N kò tíì tú okùn náà. Nígbà ọyẹ́, tí atẹ́gùn gbígbẹ láti aginjù Sàhárà bá ń la imú àti ètè, aṣọ tútù méjì lórí rẹ̀ lálẹ́ yóò wúlò.