Ibi Ìbalẹ̀ Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Sátidé tó kọjá, mo bá àwọn àbúrò kan lápá Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo, wọ́n ń fi yangí mọ òkìtì tí wọ́n fẹ́ máa fi kẹ̀kẹ́ fò. Òkìtì ọ̀hún ga, wọ́n sì mọ ọ́n dáadáa. Àmọ́ nígbà tí mo wo ibi tí ẹni tó bá fò máa balẹ̀ sí, àyà mi já. Pẹrẹsẹ ni wọ́n fi í sílẹ̀. Ọdún kejìlá rèé tí èmi náà fi tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ léegun.

Ẹ ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn, n ò ní sọ ìyẹn.

Èkíní, eré. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ìfò máa fi jìnnà. Bí ètè òkìtì, ìyẹn ibi tí táyà ti ń kúrò nílẹ̀, bá dagun ní dígírì 45, ẹni tó gbé kìlómítà 20 ní wákàtí kan wá máa fò tó mítà 3. Ẹni tó gbé 30 wá máa fò tó mítà 7.

Èkejì, ètè fúnra rẹ̀. Èyí tó bá dìde lójijì máa ń ta táyà ẹ̀yìn sókè, orí kẹ̀kẹ́ á sì dojú kọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa dìde díẹ̀díẹ̀ bí inú igbá ńlá.

Ẹ̀kẹta ni ibi ìbalẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Òkìtì mẹ́ta la tò tẹ̀ léra nígbà yẹn, kòtò sì wà láàárín ètè àti ibi ìbalẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. A fẹ́ parí rẹ̀ kí ọdún Ọ̀ṣun oṣù kẹjọ tó dé, káwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn lè fò ó. Òjò ń lé wa, yangí sì ti ń tán. A dagun ibi ìbalẹ̀ àkọ́kọ́ dáadáa. Nígbà tó kan èkejì, mo ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́, kì í ṣe ẹlòmíì.

Ẹni tó bá balẹ̀ sórí ilẹ̀ tó dagun, ilẹ̀ á gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́, á tún fún un ní eré tó máa gbé lọ sí òkìtì tó kàn. Ẹni tó bá já lu pẹrẹsẹ, apá àti orúnkún rẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀, eré á sì tán. Àwa àgbà ń fi agbára ẹsẹ̀ dí i. Àbúrò wa kan, ọmọ ọdún 15, kò tíì ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fo ìkíní. Ó fo ìkejì, ó já gbì. Àyè tó kù kó tó kan ìkẹta kò gbà ju kó tẹ pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀kan lọ. Táyà iwájú lu etí òdì kejì kòtò. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bàtà rẹ̀ kan há sára kẹ̀kẹ́, eegun èjìká rẹ̀ sì ti yọ gọngọ lábẹ́ ẹ̀wù.

Àwọn kan tó ṣáájú wa nídìí fífò yìí ní ojo ni, pé ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kó dé òdì kejì. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn dòní. Inú ń bí mi sí ara mi náà, torí mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, mo padà lọ síbẹ̀ lémi nìkan. Lórí ibi ìbalẹ̀ kejì, táyà ti lu ilẹ̀ títí ó fi jinlẹ̀ bí ojú odó. Mo ki ìkúùkù mi bọ̀ ọ́, ó wọlé tán. Inú ihò yẹn ni eré gbogbo wa ń wọ̀ lọ. Ọmọ náà kò bẹ̀rù. Èmi ni mo gba eré lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ibi tó ti máa nílò rẹ̀.

Torí náà, bí èèyàn méjì bá ṣubú lójú kan náà, ẹ yé bi wọ́n bóyá wọ́n láyà. Ẹ lọ tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ di kòtò àárín pa, kí orí òkìtì tẹ́ bíi tábìlì, kẹ́ni tí kò bá dé òdì kejì lè rí ibi balẹ̀. Ìgbà tí gbogbo yín bá ti ń dé ọ̀hún láìsí wàhálà lẹ lè gbẹ́ ẹ. Yangí tó tutù díẹ̀ ni kẹ́ ẹ gún, èyí tó gbẹ kì í di ara wọn mú. Bójò bá rọ̀, ẹ má gun orí rẹ̀ àfi tó bá gbẹ.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, a tún ibi ìbalẹ̀ yẹn mọ. Àbúrò náà wá, kò gun kẹ̀kẹ́. Ó fẹ̀yìn ti bárò, ó wò ó títí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi kún un díẹ̀ sí i lápá ọ̀tún yìí." Mo fi kún un.

Ẹ̀yin ti Òkè-Baálẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fo tiyín. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ṣọ́bìrì méjì. Ẹni tó bá ní bárò, kó gbé e wá.